Ọkọ̀ Tí A Fi Ọtí Wẹ̀: Ta Ni Yóò Máa Fi Omi Fọ̀ Ọ́?

Bí ènìyàn bá ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, yálà ọkọ̀ tuntun gan-an ni o, tàbí èyí tí wọ́n ti lò ní ìlú òyìnbó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí ẹni tí í ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ yóò wá, àwọn ẹbí yóò wá, aládùúgbò tí kì í tilẹ̀ kí ni láàárọ̀ yóò yọjú. Wọn yóò ní, "Ẹ kú oríire o! Ọkọ̀ ayọ̀ ni a ó fi ṣe." Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò gbé ọtí àti ẹran kalẹ̀, wọn yóò ta díẹ̀ nínú ọtí náà sí ara ọkọ̀, àdúrà yóò sì máa rọ̀ bí òjò. Èyí ni wíwẹ ọkọ̀. Àwọn awakọ̀ tí ń bọ Ògún a tún máa so màrìwò mọ́ iwájú ọkọ̀ wọn nígbà ọdún, nítorí pé irin ni ọkọ̀, Ògún ni ó sì ni irin.

Àṣà dáradára ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n wíwẹ̀ kejì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá mi yẹ̀ wò lónìí, èyí tí kò ní ọtí nínú, tí kò ní àlejò, tí kò ju omi, ọṣẹ, aṣọ rírọ̀ àti ìda lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a fi ariwo wẹ̀ lọ́jọ́ kan ni olówó rẹ̀ kò tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn mọ́, títí oòrùn fi jẹ àwọ̀ rẹ̀ tán. Funfun ni iyì eyín, àwọn àgbà ni wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Dídán ni iyì ọkọ̀, èmi ni mo fi ìyẹn kún un.

Ní ọdún 1979 ni bàbá mi ra Peugeot 504 aláwọ̀ aró kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975. Olùkọ́ ni bàbá mi. Owó tí ó yá níbi iṣẹ́ ni ó fi rà á. Ní àárọ̀ gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó mú, a ó ti tò yí ọkọ̀ náà ká. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ni òrùlé, èmi ni mo ni àwọn ilẹ̀kùn, àbúrò mi tí kò ì ga ni ó ni táyà. Nígbà tí a bá fọ̀ ọ́ tán tí a nù ún gbẹ, bàbá mi yóò mú agolo ìda kékeré kan jáde láti inú àpótí rẹ̀, agolo tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, yóò sì fi ìda náà pa ara ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ jòjòló lára. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìyá mi nìkan ni ó máa ń bá a wí pé ó fẹ́ràn ọkọ̀ ju ìyàwó lọ.

Bàbá mi papò dà ní ọdún 1997. Ọkọ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó sì ń darúgbó. Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún 2003, mo wálé, mo rí eruku lórí rẹ̀ bí ìyẹ̀fun, àánú ṣe mí. Mo mú àkísà gbígbẹ, mo nù ún. Èyí kò tó mi. Mo po ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú sínú garawa, mo fi kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò ha bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo ń dá ara mi nínú dùn pé ọmọ gidi ni mí. Nígbà tí ó gbẹ, àfi bí ẹni pé ológbò mẹ́wàá ni ó jà lórí rẹ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé eruku ọyẹ́ kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ìyẹ̀fun. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ohun líle tí ń ha ọ̀dà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá nù ún ní gbígbẹ, iyanrìn ni ó fi ń ha ọkọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 2016, ìyá wa yóò pé ọgọ́rin ọdún. A bi í léèrè ohun tí ó fẹ́. Ó ní kí a fi ọkọ̀ bàbá wa gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Mẹkáníìkì tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ti di funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi nǹkan para. Àbúrò mi ní kí a gbé e fún àwọn tí ń kun ọkọ̀, kí wọ́n họ gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí ìyá wa. Ó ní, "Ọ̀dà tí ọwọ́ bàbá yín ń rá lára ni mo mọ̀. Bí ẹ bá kùn ún, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ẹ gbé mi sí." Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni ó kù.

Mo tọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan lọ, àgbà agbẹ́gilére tí kò wa ọkọ̀ rí. Bí mo ti ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá gbẹ́ ère tán, òun a kọ́kọ́ fi ewé eépín pa á, lẹ́yìn náà ni òun a tó fi àdín tàbí òrí kùn ún. "Eépín kì í mú igi dán, ọmọ mi. Ohun tí kò jẹ́ kí ó dán ni ó ń mú kúrò. Òrí ní tirẹ̀ kì í mú ohunkóhun kúrò. Ó ń ṣọ́ ohun tí ó wà ni. Ẹni tí ó bá fi òrí kun ère tí kò pa ní eépín, ìdọ̀tí ni ó ń ra níyì."

Bí ẹ bá gbọ́ èyí, ẹ ti gbọ́ ìdajì iṣẹ́ yìí. Oríṣi nǹkan méjì ni wọ́n ń tà nínú agolo, tí àwa sì ń pe méjèèjì ní pólíìṣì. Ọ̀kan jẹ́ eépín: ó ní ohun lẹ́búlẹ́bú nínú tí ń họ òkú ọ̀dà kúrò. Èkejì jẹ́ òrí: ìda ni, ààbò ni. Ẹni tí ó bá ń fi ìda pa ọkọ̀ tí oòrùn ti jẹ, lásán ni. Ẹni tí ó bá sì ń fi eépín pa á ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ yóò kan irin láìpẹ́.

Nítorí pé ọ̀dà ọkọ̀ kò nípọn. Lára àwọn ọkọ̀ òde òní, ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wà lórí irin, ọ̀dà aláwọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọ̀dà kan tí kò láwọ̀, tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì. Ọ̀dà òkè yìí ni ó ń dán, kì í sì í sábà nípọn tó fọ́nrán irun orí kan. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ayé bàbá mi kò ní ti òkè yìí. Àwọ̀ wọn gan-an ni ó kọjú sí oòrùn. Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú kò lè rí. Òun ni ó ń tú ohun tí ó so ọ̀dà pọ̀, tí òkè rẹ̀ fi ń di ẹfun. Ọkọ̀ pupa ni ó máa ń jìyà rẹ̀ jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́, fífọ̀ nìkan ni a ṣe. A gbé ọkọ̀ kúrò lábẹ́ máńgòrò, nítorí oje igi àti ìgbẹ́ ẹyẹ (ìgbẹ́ ẹyẹ ń jẹ ọ̀dà bí oòrùn bá mú un, kíá ni kí a fi omi rẹ ẹ́ kí a gbé e kúrò), a sì gbé e sí òjìji ilé. A da omi lé e lórí dáadáa kí aṣọ tó kàn án. Garawa méjì ni a lò: ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì fún omi tí a fi ń ṣan aṣọ kí ó tó padà sínú ọṣẹ. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ni, kì í ṣe ti aṣọ. Láti òrùlé ni a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni iyanrìn pọ̀ sí. Aṣọ tí ó bá bọ́ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sí ara ọkọ̀.

Nígbà tí ó gbẹ, mo ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá tín-ín-rín, mo fi rá ara rẹ̀. Ojú kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ gbọ́ ọ: ó ń họ ṣàràṣàrà. Amọ̀ rírọ̀ kan wà tí wọ́n ń tà fún èyí. A fi omi ọṣẹ rin ara ọkọ̀, a ń yí amọ̀ náà lé e lórí, ó sì ń ṣa ìdọ̀tí tí omi kò lè ṣa. Bí amọ̀ náà bá bọ́ sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ nù.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọjọ́ eépín. Ibi tí ó tó àwo ìjẹun ni mo ń mú lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń sá fún etí àti igun irin, ibi tí ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi pa á tí aṣọ ọwọ́ mi di aláwọ̀ aró. Mo pariwo! Mo rò pé mo ti họ ọ̀dà bàbá mi tán ni, tí n kò sì ní ohun tí n ó sọ fún ìyá mi. Lẹ́yìn tí mo nu ibẹ̀ ni mo rí i: àwọ̀ aró tòótọ́, èyí tí mo ti gbàgbé, ń wò mí lójú. Òkú ọ̀dà ni aṣọ náà gbé. Lára ọkọ̀ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí. Ṣùgbọ́n bí tiyín bá jẹ́ ọkọ̀ òde òní tí ẹ sì rí àwọ̀ lára aṣọ, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ẹ ti họ ọ̀dà òkè kọjá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ti àwọn ojú ọgbẹ́ tí mo fi kànìnkànìn dá, èyí tí èékánná kò kọ́ lọ. Èyí tí èékánná kọ́ wà níbẹ̀ dòní.

Ìda ni ọ̀sẹ̀ kẹta. Ìda tí ó lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí, ara ewé ọ̀pẹ kan tí wọ́n ń pè ní carnauba ni ó ti ń wá, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Brazil, ní Ceará àti Piauí. Wọ́n a gé ewé rẹ̀, wọ́n a sá a gbẹ, wọ́n a sì lù ú kí ìda ara rẹ̀ lè bọ́. Ìda oyin a máa yọ́ nígbà tí ooru bá lé díẹ̀ ní 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí kì í yọ́ títí yóò fi kọjá 80. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ewé ní ìda. Kí ni ó ń mú omi yí gbirigbiri lórí ewé kókò láì rin ín, bí kò ṣe ìda ara rẹ̀?

Bàbá mi a máa wí pé bí o bá ń rí ìda tí o fi pa ọkọ̀, o ti fi pọ̀ jù. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, lórí irin tútù, kì í ṣe nínú oòrùn. A ó fi í sílẹ̀ títí yóò fi ṣú bí èémí ẹnu lórí díńgí, a ó wá fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Kò gbọdọ̀ kan rọ́bà tàbí ike dúdú, nítorí yóò fi àbàwọ́n funfun síbẹ̀. Ní ìwọ̀n oṣù kan sí méjì, ẹ ó tún un ṣe. Àwọn ìda ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ewé ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ìtìjú nínú lílò wọn. Àwọn tí ń fi epo kẹrosíìnì tàbí epo díísù nu ọkọ̀ kí ó lè dán, ní tiwọn, ilé ni wọ́n ń kọ́ fún eruku: yóò dán láàárọ̀, yóò di iyanrìn lálẹ́.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé àgbà tí ń fọ ọkọ̀ ara rẹ̀ ti wọ́lẹ̀. Èmi kò gbà. Níbi tí mo ti ń pa ìda ni mo ti rí ibi tí ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ohun tí ọmọ tí a sanwó fún ní ẹ̀bá ọ̀nà kò ní sọ fún mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́, òjò winniwinni kan rọ̀. Omi ṣù jọ lórí òrùlé ọkọ̀, ó ń yí lọ bí omi orí ewé kókò. Ìyá wa jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wá dúró níwájú ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì tún gèlè rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka tọ́ ojú ọgbẹ́ kan tí kò lọ.

"Ta ni ó ha á níbí?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ó ní kí n ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún òun.