Táǹkì Epo Tí A Fọwọ́ Ṣe: Kí Ẹ Tó San Owó fún Wẹ́dà

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń ka ìwé wa, ọ̀rọ̀ táǹkì epo lè dà bí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìkan létí yín. Ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ni. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Mushin, Yaba àti Surulere ló ń fi owó àjọ ra dáńfó fún ọmọ tàbí àbúrò wọn kí ó lè máa fi wá oúnjẹ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn sì ń to ọkọ̀ ògbólógbòó pọ̀ lẹ́yìnkùlé: wọ́n mú ẹ́ńjìnnì níbì kan, wọ́n mú ara ọkọ̀ níbòmíràn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá fẹ́ pé, táǹkì epo ni yóò ṣẹ́kù. Èyí tó bá ọkọ̀ wá ti dípẹtà, tàbí kí ó má tilẹ̀ bá a wá rárá.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun

Ní ayé bọ́lẹ̀kájà, ẹ́ńjìnnì àti egungun ọkọ̀ ló ń ti Òkè-Òkun wá. Àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀ lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni mólúè dé, tí àwọn wẹ́dà wa ń fi páànù ṣe ara rẹ̀ sórí egungun lọ́rì Mercedes-Benz 911. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò yàtọ̀: ní 1957 ni ilé iṣẹ́ Lotus bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n pè ní Seven, tí ẹni tó rà á lè tò pọ̀ fúnra rẹ̀ nílé. Ìṣòro kan náà ló máa ń bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo: àyè tó ṣẹ́kù lábẹ́ ọkọ̀ kì í sábà bá táǹkì tó wà lọ́jà mu.

Ibi tí a ti ń wá a

Ẹ kọ́kọ́ wá àlòkù tó dára. Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ kọ gígùn, ìbú àti gíga àyè tí ẹ ní sínú ìwé. Bí ẹ bá rí táǹkì kan, ẹ gbé e, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, ìpẹtà ni. Ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ má sì ṣá iná sí i láti wo inú rẹ̀ láéláé.

Bí kò bá sí èyí tó bá a mu, ẹ lè ní kí wọ́n ṣe tuntun. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn, ìbú àti gíga, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1,000 pín in. Iye líta tí yóò gbà nìyẹn. Táǹkì tó gùn ní 80, tó fẹ̀ ní 40, tó ga ní 20, yóò gba líta 64. Ẹ má máa rọ epo kún un dé ẹnu, nítorí epo máa ń wú nínú oòrùn.

Bí táǹkì rere ṣe ń rí

Páànù irin tó nípọn tó mílímítà kan àti ààbọ̀ dára fún un. Kí ògiri tín-ínrín tó ní ihò wà nínú rẹ̀, kí epo má bàa máa bì síwá bì sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá yà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ru omi rí mọ̀ pé igbá tí a gbé lé orí omi ni kì í jẹ́ kí ó dànù.

Kí páìpù kékeré kan wà fún afẹ́fẹ́. Ihò méjì la ń lu sórí agolo mílíìkì. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, mílíìkì kò ní dà dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni táǹkì tí kò ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé: ọkọ̀ yóò máa kú lójú ọ̀nà, mẹkáníìkì yóò sì máa tú ẹ́ńjìnnì lásán.

Kí páìpù tó ń fa epo ga díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ táǹkì lọ, kí ó má bàa fa ìdọ̀tí. Kí ẹnu tí a ń rọ epo sí wà ní òde, kì í ṣe nínú ọkọ̀ lọ́dọ̀ èrò. Kí wọ́n fi ọ̀já irin tó ní rọ́bà dè é, kí ó sì jìnnà sí sàlẹ́ńsà.

Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ ní kí wọ́n dí gbogbo ẹnu rẹ̀, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fi ìfófó ọṣẹ pa gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó. Ibi tó bá ń yọ ìfófó, ibẹ̀ ló ń jò.

Òfìfo léwu ju kíkún lọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí. Bí epo bá tán nínú táǹkì, afẹ́fẹ́ epo tí ojú kò rí ṣì kún inú rẹ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa ń rọ̀gún sí, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀. Bí wẹ́dà bá fi iná kàn án, ó lè bú gbàù, kí ó pa ẹni tó ń jó o àti ọmọ tó ń wò ó. Kí wọ́n tó jó táǹkì àlòkù, wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ léraléra, kí wọ́n sì rọ omi kún un títí kan ìsàlẹ̀ ibi tí wọn yóò jó. Wẹ́dà tó bá ní kò sí wàhálà, pé òun ti ń jó o bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ẹ gbé táǹkì yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọṣẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ibi tó ń jò kì í ṣe àtúnṣe. Kí ẹ fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì nìkan ni.

Kẹ́ẹ̀gì kì í ṣe táǹkì

Àwọn awakọ̀ dáńfó kan ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì fi rọ́bà fa epo láti inú rẹ̀ lọ sí ẹ́ńjìnnì. Sìgá kan ṣoṣo tàbí wáyà kan tó ta iná ti tó láti sọ ọkọ̀ náà di ààrò. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ yín ni ọmọ yín ń wà bẹ́ẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi ṣe táǹkì. Bí ẹ bá sì jẹ́ èrò, ẹ sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ti dé. Nígbà tí ìjọba kéde ní 29 May 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye líta kan tí kò tó 200 náírà kọjá 480 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń yí ọkọ̀ wọn padà sí gáàsì CNG. Wẹ́dà àdúgbò kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sílíńdà irú gáàsì yìí o, nítorí agbára tí wọ́n fi ki gáàsì náà sínú rẹ̀ tó ìlọ́po 200 agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Ní 17 October 2024, ọkọ̀ kan bú gbàù ní ìlú Benin níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i, àwọn ènìyàn sì fara pa. Àwọn tó ń bójú tó ètò CNG fún ìjọba sọ pé sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀, tí kò yẹ fún iṣẹ́ náà, ló wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún. Ibi tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni kí ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọmọ yín bá ní wẹ́dà kan ti gbà láti ṣe táǹkì fún òun ní ẹ̀dínwó, ẹ bá a lọ. Ẹ bi wẹ́dà náà báwo ló ṣe ń fọ táǹkì kí ó tó jó o, ibo ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, àti bí yóò ṣe dán an wò lójú yín. Bí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá ẹlòmíràn.