Ẹkùn orí Ẹpa: ọ̀rọ̀ àwọn agbẹ́gilére Òsì àti Òdò-Ọ̀wá

Ọ̀kan nínú yín tí mo kọ́ rí ní yunifásítì bi mí pé kí ló dé tí ẹkùn fi ń ki ẹran mọ́lẹ̀ lórí àwọn ère Ẹpa kan, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ Òsì òde òní kò rí ẹkùn rí. Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ́gilére ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Èkìtì tí mò ń wí yìí kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Èkìtì o. Ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara ni, níbi tí Òsì wà, àti Òkè-Ẹ̀rọ tó múlé tì í, tí Ìlọ́fà jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ààlà tí òyìnbó fà ló kó wọn sábẹ́ Ìlọrin, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí “Òsì-Ìlọrin” nínú ìwé.

Igi kan ṣoṣo ni ère Ẹpa, láti ìsàlẹ̀ dókè, kò sí oríkèé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ìkòkò, ni orí ẹni tó ń jó máa ń wọ̀, ojú ńlá wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn. Òkè ìkòkò yìí ni jagunjagun máa ń jókòó lórí ẹṣin, tàbí kí ìyá kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, tàbí kí ẹkùn gbá ẹran mú. Òmíràn wúwo ju ogún kílò lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin á sì gbé e jó, á tún gbé e fò gun òkìtì! Bó bá balẹ̀ dáadáa, inú ìlú á dùn. Bó bá ṣubú, ẹ̀rù á ba àgbà.

Tútù ni wọ́n ń gbẹ́ igi náà, torí bó bá gbẹ tán, ó le. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà. Ọ̀nà lílé ṣáájú, láti là á pé ibi báyìí ni orí, ibi báyìí ni ẹsẹ̀. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, ojú àti etí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí ara igi jọ̀lọ̀. Fífín ló kẹ́yìn, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń fín irun, ilà ojú àti tótòtó ara ẹkùn. Ẹni tó bá ba ọ̀nà lílé jẹ́, kò sí fífín tó lè gbà á sílẹ̀.

Nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dójú àmì ni Àreògún ará Òsì, tó kú ní 1954, àti Moshood Bámigbóyè ará Òdò-Ọ̀wá ní Òkè-Ẹ̀rọ, tó tún kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ igi ní Òmù-Àrán. Bándélé, ọmọ Àreògún, ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì nígbà tí Fada Kevin Carroll dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1947. Ibẹ̀ ni Láǹmídì Fákéye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Fákéye yìí náà ló wá di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀ kó tó kú ní 2009. Ẹ wo bí ọwọ́ Òsì ṣe rìn jìnnà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ẹkùn. Ìlú kì í tọ́jú igi ère bí ẹni tọ́jú wúrà. Wọ́n ń kùn ún lákọ̀tun fún ọdún. Bí ikán bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ òmíràn. Ọmọṣẹ́ tí kò rí ẹkùn rí lè gbẹ́ ẹ, torí ọ̀gá rẹ̀ gbẹ́ ẹ, ọ̀gá ọ̀gá rẹ̀ sì gbẹ́ ẹ. Bí ẹkùn ṣe kúrò nínú igbó tó sì kù lórí Ẹpa nìyẹn. Ọwọ́ ni wọ́n ń tọ́jú, kì í ṣe igi.

Ní September 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣí àfihàn iṣẹ́ Bámigbóyè, títí di January 2023. Inú mi dùn, pàápàá torí pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àìmọye ère wa ló wà lókè òkun tí wọ́n kàn kọ “Yorùbá” sí lára, bí ẹni pé gbogbo ìlú ló pawọ́ pọ̀ gbẹ́ ẹ! Ṣùgbọ́n inú gíláàsì, igi nìkan ló wà. Ikán ò ní jẹ ẹ́ mọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa bẹ agbẹ́gilére kankan pé kó gbẹ́ òmíràn. Nílé ńkọ́? Ère tí orí èèyàn lè wọ̀ ń fẹ́ igi tó sanra, bẹ́ẹ̀ àwọn igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gé ṣe pákó àti èédú. Àwọn ọmọṣẹ́ náà ti lọ gun ọ̀kadà. Mi ò bá wọn wí o, ebi kì í gbọ́ “ẹ fara balẹ̀”.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé, ní Òsì, Ìlọ́fà tàbí Òdò-Ọ̀wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ya fọ́tò ère. Ẹ bi àwọn àgbà pé igi wo ni, ta ló gbẹ́ ẹ, ta ló kọ́ ẹni yẹn, ta ló gbẹ́ èyí tí ikán jẹ ṣáájú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, n ó tẹ̀ ẹ́ síbí pẹ̀lú orúkọ wọn.