Ṣé o mọ̀? Jẹjẹrẹ àti ohun tí a jogún

Ṣé o mọ̀ pé a kì í jogún jẹjẹrẹ gan-an? Jíìnì tó ti bàjẹ́ là ń jogún, èyí tó yẹ kó máa ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì ara kí wọ́n má baà máa hù ní ìhùkúhù. Ẹlòmíràn á jogún rẹ̀, á darúgbó, jẹjẹrẹ ò ní ṣe é.

Ṣé o mọ̀ pé nínú 100 ènìyàn tó ní jẹjẹrẹ, bíi 5 sí 10 péré ni àjogúnbá wà nídìí tiwọn?

Ṣé o mọ̀ pé bàbá lè fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní jíìnì jẹjẹrẹ ọmú? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Dókítà á béèrè ìtàn ìdílé, a ó ka ìyá, a ó ka ìyá ìyá, ó parí. Bẹ́ẹ̀ bí jíìnì BRCA1 tàbí BRCA2 tó bàjẹ́ bá wà lára bàbá, ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin àti obìnrin, ló lè jogún rẹ̀ tàbí kó má jogún rẹ̀, ọgbọọgba ni. Ara bàbá fúnra rẹ̀ lè le kóko. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni kí o béèrè ohun tó ṣe wọ́n. Ọkùnrin náà ò sì bọ́: BRCA2 tó bàjẹ́ ń dá kún ewu jẹjẹrẹ pírósítéètì, kódà ti ọmú ọkùnrin.

Àrùn òyìnbó kọ́ o. Olufunmilayo Olopade, tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ 1,136 obìnrin Nàìjíríà tó ní jẹjẹrẹ ọmú wò. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018: nínú 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15 tó gbé irú jíìnì bẹ́ẹ̀. BRCA1 ló pọ̀ jù.

Ṣé o mọ̀ pé jẹjẹrẹ inú ikùn pa ọ̀dọ́ púpọ̀ nínú ẹbí Maori kan ní New Zealand, títí àwọn kan fi ń sọ pé èpè ni? Ẹbí náà lọ bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 1998 ni èsì jáde: jíìnì CDH1 tó bàjẹ́ ni wọ́n ń jogún.

Ṣé o mọ̀ pé erin ní jíìnì TP53, tó ń dènà jẹjẹrẹ, ní ìlọ́po 20 ti ènìyàn? Jẹjẹrẹ kì í sábà pa erin.

Ṣé o mọ̀ pé fọ́tò lásán lè tú àṣírí? Bí iná kámẹ́rà bá kọ sójú ọmọ, tí ẹyinjú rẹ̀ ń dán funfun, ó lè jẹ́ retinoblastoma, jẹjẹrẹ ojú tó lè jẹ́ àjogúnbá. Gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ni wọ́n fi ń yẹ jíìnì wò? Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọ̀fẹ́ ló ṣáájú. Bí ènìyàn bá kú nílé wa, “àìsàn ráńpẹ́” la máa ń kọ. Àìsàn wo? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀? Jọ̀wọ́, béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé bàbá rẹ àti ilé ìyá rẹ, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì mú un lọ bá dókítà.