Ọ̀nà Àárín Àpáta: Láti Ọ̀wọ̀ dé Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Ẹni tó bá gba Ọ̀wọ̀ wọ ilẹ̀ Àkókó, bó bá ti ré kọjá Odò Ọ̀sẹ̀ tó sì dé Ọ̀bà, àpáta ńláńlá ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì títí yóò fi dé Àkùngbá, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, tí ọ̀kan kọjú sí Ìkàrẹ́ ní àríwá, tí èkejì sì gun òkè lọ sí Ọ̀kà.

Ní aginjù, odò ló sábà máa ń la irú ọ̀nà àárín àpáta bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Odò Colorado ní Amẹ́ríkà ṣe gbẹ́ àpáta títí àfonífojì Grand Canyon fi jìn tó máìlì kan. Ti Àkókó kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni gíránáìtì rẹ̀ ti dì, ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ibi tó bá sán lára rẹ̀ ni omi òjò ń gbà wọlé, tó ń sọ òkúta di amọ̀, tí àgbàrá sì ń gbá amọ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n ibi tí kò sán dúró gbọnin, òun sì ni àwọn onímọ̀ ń pè ní inselberg, ìyẹn òkè àpáta tó dá dúró lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ tó bò ó ti ṣí kúrò, ara rẹ̀ ń bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà, débi pé pẹpẹ òkúta tó ti já bọ́ kún ìdí òkè, ewédò sì fa ìlà dúdú gbọọrọ sí ibi tí omi òjò máa ń ṣàn gbà. Ibi tí àpáta ti fàyè sílẹ̀ ni ọ̀nà ń gbà, ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ.

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, tí àwọn ọmọ ogun Tápà ń kó Àkókó lẹ́rú, orí òkè wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ sá sí, nítorí pé ẹṣin kò rọrùn láti gùn wá síbẹ̀; lẹ́yìn tí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídà, olú-ìlú àwọn Tápà, ní 1897, ọ̀pọ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ òkè ni Ọ̀kà ṣì wà.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dá ẹlẹ́ṣin dúró nígbà náà ló ń dá dẹ́rẹ́bà lágara lónìí. Tírélà tó di ẹrù wúwo, tó sì ń fi bíréèkì nìkan sọ̀ kalẹ̀, bíréèkì náà yóò gbóná títí kò fi ní mú mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, tírélà kan ya wọ inú àwọn ènìyàn nítòsí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá, ẹ̀mí sì ṣòfò. Nítorí náà, jíà kékeré ló yẹ kí dẹ́rẹ́bà ti wọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn.