Ìgbọ́yé Ọ̀rọ̀ Ẹni tí a Bí Láìní Ahọ́n

Ní ọdún 1718, Antoine de Jussieu gbé ìròyìn kan síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris nípa ọmọbìnrin kan tí ó rí ní Lisbon. A bí ọmọ náà láìní ahọ́n, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń yé àwọn tí ń gbọ́ ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kọ́ńsónáǹtì kan nira fún un láti pè. Bí ahọ́n kò bá sí, kí ni etí olùgbọ́ ń dì mú?

Kọ́ńsónáǹtì èdè Yorùbá fi bí ìṣòro náà ti tó hàn. Nínú 18 tí ó wà, b, m, f àti h nìkan ni kò béèrè iṣẹ́ ahọ́n rárá. Ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ni ó jọ ń pe p, gb àti w. Ahọ́n ni afipè pàtàkì fún 11 yòókù. Ṣùgbọ́n inú gògóńgò, níbi tí tán-án-ná wà, ni ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ti ń wá. Àìsí ahọ́n kò dí wọn lọ́wọ́. Àgbọ̀n, ètè, ọ̀fun àti iṣan ìsàlẹ̀ ẹnu sì lè yí inú ẹnu padà tó bẹ́ẹ̀ tí fáwẹ́lì kan yóò fi yàtọ̀ sí èkejì.

Ní ti kọ́ńsónáǹtì, ètè a máa gba iṣẹ́ ahọ́n ṣe, ìró d sì lè tipa bẹ́ẹ̀ dún bí b. Bí a bá pe “dì” ní òun nìkan, olùgbọ́ lè mú un fún “bì”. Nínú “Ó di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́”, ìtumọ̀ gbólóhùn a tún ìró náà ṣe, nítorí ẹnikẹ́ni kì í bi ẹrù. Dùndún pàápàá ń sọ̀rọ̀ láìní kọ́ńsónáǹtì; ẹni tí ó mọ oríkì ni ó ń yé.

Nítorí náà, àárín olùsọ̀rọ̀ àti olùgbọ́ ni ìgbọ́yé wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n gbọ́dọ̀ sọ bóyá ọ̀rọ̀ ẹyọ tàbí gbólóhùn ni ó lò, bóyá olùgbọ́ rí ètè olùsọ̀rọ̀, àti bóyá ọ̀nà tí ẹni náà ń gbà sọ̀rọ̀ ti mọ́ ọn lára tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí a fi ọ̀rọ̀ ẹyọ nìkan dán wò lè gba orúkọ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, nígbà tí ẹbí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a tàkúrọ̀sọ lójoojúmọ́. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn ilé-ìwé mọ́ ọn.