Àríyànjiyàn Òǹwòran lórí Àhunpọ̀ Ìtàn àti Sáyẹ́ǹsì nínú Star Trek

Ọdún 1966 ni Star Trek bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà. Títí di òní ni àwọn òǹwòran rẹ̀ ń jiyàn lé e lórí. Oríṣi ìbéèrè méjì ni wọ́n ń béèrè. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi wá ní irú rẹ̀, tí a sì fèsì pé “eré lásán ni”, a ti pa á lẹ́nu mọ́.

Ìbéèrè kìíní jẹ mọ́ àhunpọ̀ ìtàn: ǹjẹ́ ti àná bá tòní mu? Ní 1967, iwájú orí àwọn Klingon tẹ́jú bíi tiwa. Nínú fíìmù 1979, ó ti rí gbágungbàgun. Owó tí wọ́n ní fún ìmúra òṣèré ló fa ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n inú ìtàn gan-an ni àwọn òǹwòran ti ń wá ìdí rẹ̀. Ní 1996, Worf, tí òun náà jẹ́ Klingon, ní àwọn kì í bá àlejò sọ ọ́ (èsì àgbà tí kò rí nǹkan wí!). Ó di 2005 kí ìtàn tó sọ pé àrùn ló yí wọn padà.

Ìbéèrè kejì jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí ń tú ara ènìyàn sí wẹ́wẹ́, tí ń tún un tò níbòmíràn. Ṣùgbọ́n Heisenberg ti fi hàn ní 1927 pé bí a bá ṣe mọ ibi tí èérún kan wà tó ni ìmọ̀ wa nípa ìrìn rẹ̀ ń dín kù. Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe wá ń tò ó láìṣìṣe? Àwọn òǹkọ̀wé eré fi ohun èlò kan kún un, wọ́n fi Heisenberg sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n sọ ìṣòro lórúkọ, wọn kò yanjú rẹ̀. Ìwé fisíìsì ni a ó ṣí fún akẹ́kọ̀ọ́ níbí.