Ọmọkùnrin tó bàlágà kó tó pé ọdún 9: ohun tó ń fà á àti bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ọmọ ọdún 7 ni, ṣùgbọ́n irun abẹ́ ti hù, irorẹ́ ti yọ sí i lójú, ohùn rẹ̀ ti ki, ó sì ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá wà ní Tchaada, nílẹ̀ Ìfọ̀nyìn tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Ifangni, àwọn kan lè máa kí bàbá rẹ̀ kú oríire pé akọ ọmọ ló bí. Àwọn mìíràn lè fẹ̀sùn ìṣekúṣe kan ọmọ náà, tàbí kí wọ́n ní àwọn òbí rẹ̀ dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Ẹni tó yẹ kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀ ni ẹni tó bá sọ pé kí wọ́n gbé e lọ rí dókítà. Lára ọmọkùnrin, ju ti ọmọbìnrin lọ, ìbàlágà tó yá jù lè jẹ́ àmì àìsàn tó fara pamọ́ sínú ọpọlọ, sórí kíndìnrín tàbí sínú kóró ẹpọ̀n.

Ìgbà wo ló yá jù?

Láàárín ọdún 9 sí 14 ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà. Ní 1970, àwọn dókítà méjì ní Bìrìtìkó, Marshall àti Tanner, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ara àwọn ọmọkùnrin ṣe ń yí padà. Nǹkan bí ọdún 11 ààbọ̀ ni wọ́n rí i pé ìyípadà ọ̀hún sábà ń bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, ìpele márùn-ún tí Tanner pín ìbàlágà sí ni àwọn dókítà káàkiri àgbáyé ń lò.

Bí ìbàlágà ọmọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 9, ó ti yá jù nìyẹn. Ti ọmọbìnrin jẹ́ ọdún 8. Kò wọ́pọ̀ lọ́kùnrin: ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Denmark lórí àkọsílẹ̀ ọdún 1993 sí 2001 fi hàn pé ọmọbìnrin bíi 2 nínú 1,000 ló ní irú ìṣòro yìí, àmọ́ ti ọmọkùnrin kò tó 1 nínú 2,000.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé irun tàbí ohùn kọ́ ni àmì àkọ́kọ́. Kóró ẹpọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ tóbi. Bó bá ti tó mílílítà 4, ìbàlágà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kódà bí irun kankan kò tíì hù.

Báwo ni ara ṣe ń mọ̀ pé àsìkò tó?

Inú ọpọlọ ni àṣẹ ti ń wá. Apá kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hypothalamus máa ń tú họ́mọ̀nù kan jáde díẹ̀díẹ̀, pàápàá lóru. GnRH ni orúkọ rẹ̀. Andrew Schally àti Roger Guillemin ló tú àṣírí rẹ̀ ní 1971, wọ́n sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ìmọ̀ ìṣègùn ní 1977. Bí GnRH bá dé ọ̀dọ̀ ẹṣẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, ẹṣẹ́ yẹn á rán họ́mọ̀nù LH àti FSH lọ sí kóró ẹpọ̀n. Kóró ẹpọ̀n á wá máa pèsè testosterone, èyí tó ń mú kí irun hù, kí ohùn ki, kí iṣan le, kí egungun sì gùn.

Ẹ fi wé agbo dùndún. Ọpọlọ ni ìyáàlù, kóró ẹpọ̀n ni omele. Nígbà tí ìbàlágà bá yá jù, ọ̀kan nínú méjì ló ṣẹlẹ̀: bóyá ìyáàlù ló bẹ̀rẹ̀ ṣáájú àsìkò, bóyá omele tàbí àlejò kan ló ń dún láìgbàṣẹ. Ohun tí gbogbo àyẹ̀wò dókítà ń wá ni èwo nínú méjèèjì.

Bó bá jẹ́ láti inú ọpọlọ

Ó lè jẹ́ kókó kan tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hypothalamus látìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó lè jẹ́ oríṣi kókó mìíràn tó ń dàgbà nínú ọpọlọ. Ó lè jẹ́ omi tó gbára jọ sínú orí, àpá tí àrùn yínrùnyínrùn fi sílẹ̀, ọgbẹ́ tí ọmọ gbà nígbà tó forí gbá nǹkan, tàbí ìtọ́jú onítànṣán tí wọ́n ṣe fún un lórí.

Àjogúnbá náà wà níbẹ̀. Ní 2013, àwọn onímọ̀ láti Brazil àti Amẹ́ríkà kéde pé àbùkù lára jíìnì kan tó ń jẹ́ MKRN3 lè mú kí ọpọlọ tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Kìkì bí ọmọ bá gbà á láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n máa yẹ̀ wò títí tí wọn kò ní rí okùnfà kankan, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó àwọn ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ wọn rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo orí fífọ́ tí kò lọ, èébì òwúrọ̀, ojú tó ń ṣe bàìbàì, tàbí ẹ̀rín tó ń bú jáde lójijì láìsí ohun tó pa ọmọ lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ oríṣi wárápá kan tí kókó ẹ̀gbẹ́ hypothalamus ń fà. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀mí àìrí, dókítà ló yẹ kó rí i.

Bó bá jẹ́ láti ibòmíràn

Orí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ẹṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní adrenal. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù tí kì í jẹ́ kí ẹṣẹ́ yìí lè ṣe họ́mọ̀nù kan tí ń jẹ́ cortisol bó ṣe yẹ. Dípò rẹ̀, họ́mọ̀nù akọ ló ń pọ̀ jù. Bí ọmọbìnrin bá ní in, ojú ara rẹ̀ sábà ń fi hàn lọ́jọ́ ìbí. Ti ọmọkùnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ojú lásán kò lè fi hàn. Bó bá le gan-an, ìkókó náà lè máa bì, kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kó sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí kò bá le tó bẹ́ẹ̀, ó lè di ọmọ ọdún 3 sí 7 kí irun abẹ́ àti gíga òjijì tó tú u fó. Bàbá àti ìyá tí kò ní àìsàn rárá lè máa gbé àbùkù yìí kiri lára. Bí àwọn méjèèjì bá gbé e, oyún kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní 1 nínú 4 láti bí ọmọ tó ní in.

Kókó inú ẹpọ̀n pẹ̀lú lè máa tú testosterone jáde, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọdé kan sì lè máa pèsè họ́mọ̀nù tó ń jí kóró ẹpọ̀n. Àwọn ìdílé kan tún wà tí ìbàlágà àwọn ọmọkùnrin nìkan ti ń bẹ̀rẹ̀ ní bíi ọdún 2 sí 4. Ní 1993 ni wọ́n mọ jíìnì tó wà nídìí rẹ̀.

Oògùn inú ilé náà lè fà á. Ní 2009, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára sára ìpara testosterone, nítorí pé ó ń ràn láti ara bàbá sí ara ọmọ tó gbé mọ́ra.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀?

Ọjọ́ orí ni ìpìlẹ̀. Ẹ mú ìwé ìbí lọ, kí ẹ sì mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, nítorí ó máa fi hàn ìgbà tí gíga rẹ̀ sáré. Dókítà á wọn ọmọ, á sì wọn kóró ẹpọ̀n pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Prader ará Switzerland ṣe. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ tó pọ̀. Bí kóró méjèèjì bá tóbi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ọpọlọ. Bí wọ́n bá kéré síbẹ̀ tí irun àti gíga wà, kí wọ́n wo ẹṣẹ́ orí kíndìnrín. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá tóbi, kí wọ́n wá kókó nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni fọ́tò egungun ọwọ́ òsì, tó ń sọ iye ọdún tí egungun ti lò. Ọmọ ọdún 7 lè ní egungun ọmọ ọdún 11. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún LH, testosterone àti 17-OHP, èyí tó ń fi àbùkù adrenal hàn. Bó bá jẹ́ pé ọpọlọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbogbo ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ya orí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ MRI, tí wọ́n ń pè ní IRM ní Bẹ̀nẹ̀. Irun díẹ̀ àti òórùn abíyá nìkan, láìsí ìyípadà mìíràn, lè máà léwu, ṣùgbọ́n dókítà ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ìtọ́jú rẹ̀?

Ọmọ tó ga jù lónìí lè di àgbàlagbà kúkúrú, nítorí egungun tó tètè gbó á tètè dáwọ́ dúró. Fún èyí tó wá láti ọpọlọ, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún lóṣooṣù tàbí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, tó ń dá ìbàlágà dúró títí àsìkò á fi tó. Ti adrenal ń gba oògùn hydrocortisone lójoojúmọ́, kò sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró lójijì. Àwọn kókó kan lè gba iṣẹ́ abẹ.

Láti Tchaada, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì béèrè fún ìwé tí yóò gbé yín dé ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́ tàbí CNHU-HKM ní Kútọnu. Ní ìhà Nàìjíríà, ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, Èkó, wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nípa họ́mọ̀nù àwọn ọmọdé láti 2012.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ara ọmọ yìí ló dàgbà, ọkàn rẹ̀ kò tíì dàgbà. Ẹ má ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ẹ má gbé iṣẹ́ àgbà lé e lórí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó bí ọkùnrin tó ti dàgbà. Bí ẹ bá rí àmì ìbàlágà lára ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 9, ẹ má dúró dè é kó lọ fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.